Ẹ̀yìn Tí Wọ́n Pọ̀n Wá Sí

Ní ọdún 1954, obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Ainsworth bá ọkọ rẹ̀ dé Kampala, ní Uganda. Ọkọ ló ríṣẹ́ síbẹ̀, ní iléeṣẹ́ ìwádìí nípa àwùjọ ti Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Ìyàwó kò níṣẹ́ kan pàtó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n onímọ̀ nípa ọkàn ọmọdé ni, kò sì lè jókòó lásán. Ó ti gbọ́ pé bí àwọn Baganda ibẹ̀ bá fẹ́ gba ọmú lẹ́nu ọmọ, wọn a gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kí ó lè gbàgbé ọmú. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọmọ náà lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn tó ti ń gbé bá dàwátì.

Yorùbá wo ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní mi orí? Omi ewúro ni wọ́n máa ń fi ra orí ọmú lọ́dọ̀ tiwa. Bí ìyẹn ò bá ràn án, ọmọ á di ti ìyá àgbà fún oṣù bíi mélòó kan. Wọ́n ṣe é fún èmi náà. Ìyá mi sọ fún mi pé nígbà tí òun wá mú mi padà, n kò sunkún, n kò sì rẹ́rìn-ín. Mo kàn ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò, mo sì tún padà sídìí agolo tí mo fi ń ṣeré. Ó máa ń fi ìwúrí sọ ọ́ ni, ó ní ọmọ tó gbọ́n ni mí, n kò da ẹnikẹ́ni láàmú. Mo ti lé ní ẹni ogójì ọdún kí n tó mọ̀ pé àwọn ènìyàn kan ti fi ayé wọn wádìí irú wíwò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Ainsworth fi máa débẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń pa àṣà náà tì. Ó bá yí ìwádìí rẹ̀ padà: òun yóò kàn máa wo ìyá pẹ̀lú ọmọ. Ìdílé 26 ló gbà á láàyè ní àwọn abúlé tó wà nítòsí Kampala. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, òun àti ògbufọ̀ rẹ̀, Katie Kibuka, á lọ jókòó sí pálọ̀ fún bíi wákàtí méjì. Ó tó oṣù mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń lọ sílé àwọn mìíràn. Ó ń wo ọmọ tó rá kúrò lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, tó dé ẹnu ọ̀nà, tó bojú wẹ̀yìn, tó rí i pé ìyá ṣì wà níbẹ̀, tó sì tún tẹ̀ síwájú. Ó ń wo ọmọ tí kò jẹ́ rìn jìnnà rárá, àfi kó ṣáà máa dì mọ́ ìró. Ó sì kíyè sí ohun kan tí n kò lè gbàgbé: àwọn ìyá tó mọ ìṣe ọmọ wọn fínnífínní, tí wọ́n ń ròyìn rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnìkan bi wọ́n, àwọn ni ọkàn ọmọ wọn sábà máa ń balẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń kíyè sí ló lè fi ẹ̀yìn sílẹ̀ kó lọ ṣeré.

Láti Uganda ló ti kó lọ sí Baltimore, ní Amẹ́ríkà. Ó tún rí ìdílé 26 mìíràn níbẹ̀, ó sì dá àyẹ̀wò kan sílẹ̀ tí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ. Ìyá gbé ọmọ ọdún kan wọ yàrá tí ohun ìṣeré kún inú rẹ̀. Àlejò kan wọlé. Ìyá rọra jáde, ó padà wá, ó tún jáde. Ìgbà tí ìyá bá padà wọlé gan-an ni wọ́n ń ṣọ́. Ọmọ kan á ti sunkún, á sáré na ọwọ́, ìyá á gbé e, ẹkún á dá, ọmọ á sì padà sídìí ohun ìṣeré. Òmíràn kò ní wo ọ̀dọ̀ ìyá rárá. Á yíjú sí bọ́ọ̀lù bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò jáde. Ẹ̀kẹta á dì mọ́ ìyá, á tún máa fi ẹsẹ̀ ta á, a ò sì ní rí ohun tí a ó fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Nígbà tó yá, Mary Main àti Judith Solomon fi ẹ̀kẹrin kún un: ọmọ tó ń bẹ̀rù ẹni tó yẹ kó sá tọ̀, tí kò wá mọ ibi tí yóò gbé ara rẹ̀ sí.

Ẹni tó bá rí ọmọ kejì yẹn lè rò pé akíkanjú ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ wọn bí ọkàn irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń lù, wọ́n rí i pé ara wọn kò balẹ̀ bí ojú wọn ṣe balẹ̀. Ọmọ náà ti kọ́ ọ pé ẹkún òun kì í pe ẹnikẹ́ni wá, ló bá gbé e mì.

John Bowlby, dókítà ọkàn ní London, tí Ainsworth ti bá ṣiṣẹ́ kó tó lọ sí Uganda, ló ṣe ìpìlẹ̀ èrò yìí. Ọmọ oníṣẹ́ abẹ ńlá ni. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà, ìyá kì í rí ọmọ ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ lójúmọ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń tọ́ ọ gan-an ni ìyá rẹ̀. Nígbà tí Bowlby fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn ti lọ, kò sì padà. Èrò tó lò títí ó fi kú ní 1990 ni pé okùn kan wà tó so ọmọ mọ́ ẹni tó ń tọ́ ọ, pé okùn náà ṣe kókó bí oúnjẹ, àti pé bí okùn náà bá ṣe rí ni ọmọ á ṣe máa retí ẹ̀dá yòókù nígbà tó bá dàgbà. Okùn ìsomọ́ra ni màá máa pè é níhìn-ín. Bí okùn náà bá dúró dáadáa, àgbàlagbà náà lè sọ pé “ẹ gbà mí” lọ́jọ́ tí nǹkan bá le, yóò sì gbà gbọ́ pé ẹnìkan yóò dáhùn. Ẹni tó ń yẹra, bíi ti ọmọ kejì yẹn, á sọ pé kò sí nǹkan. Ẹni tó ń rọ̀ mọ́ni, bíi ti ẹ̀kẹta, á ké títí, síbẹ̀ kò ní gbà pé wọ́n gbọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ òyìnbó lèyí, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbé sọ́wọ́ alágbàtọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti àwọn ọdún 1950 lọ dé 1970, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ọmọ Nàìjíríà, ni àwọn òbí wọn fi ìpolówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World wá alágbàtọ́ fún, kí àwọn lè ráyè kàwé kí wọ́n sì ṣiṣẹ́. Ọmọ á dàgbà sọ́dọ̀ obìnrin funfun kan ní Kent tàbí Essex, á máa pè é ní màmá, títí di ọjọ́ tí obìnrin dúdú kan yóò dé pẹ̀lú àpótí, tí wọn yóò sọ fún un pé, “Ìyá rẹ nìyí, Èkó lẹ ń lọ.” Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí ọ̀pọ̀ mọ̀, wà lára wọn, Tilbury ni wọ́n ti tọ́ ọ, ó sì fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe fíìmù Farming ní 2018. N kò dá àwọn òbí náà lẹ́bi. Lójú wọn, ohun tí wọ́n mọ̀ nílé ni wọ́n ń ṣe: a máa ń gbé ọmọ fún ẹ̀gbọ́n, fún àbúrò, fún ìyá àgbà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé nílé, ẹni tí wọ́n gbé ọmọ fún mọ oríkì ọmọ náà.

Okùn yìí kan ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Èyí tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ìbànújẹ́ ọjọ́ kan. Ó jẹ́ èyí tó dé tí kò lọ, tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí oorun dá lójú ẹni, tí oúnjẹ kò dùn lẹ́nu, tí ohun tó ń mú inú ẹni dùn tẹ́lẹ̀ wá dà bí iṣẹ́ àṣekára, tí ẹlòmíràn tilẹ̀ ń ronú pé ikú yá ju ayé lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í dé iwájú dókítà ká sọ pé ọkàn ló ń dùn wá. Orí ń gbóná ni a máa ń sọ, nǹkan ń rìn wá lára, àyà ń já. Dókítà amúnisìn kan, J. C. Carothers, kọ ìwé fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1953 pé àìsàn yìí kò wọ́pọ̀ láàárín ènìyàn dúdú. Ó ṣì ń dùn mí bí mo bá ka irú rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, dókítà ọkàn Thomas Adeoye Lambo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Cornell tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn Yorùbá agbègbè Abẹ́òkúta, àmì àìsàn náà sì wà níbẹ̀ kedere. Kì í ṣe pé kò sí. Ẹnikẹ́ni kò fetí sí i ni.

Ohun tí okùn ìsomọ́ra fi kan àìsàn yìí ṣe kedere nínú iṣẹ́ George Brown àti Tirril Harris, tí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin Camberwell ní gúúsù London, tí wọ́n sì tẹ ìwé wọn jáde ní 1978. Wọ́n rí i pé wàhálà nìkan kọ́ ló ń dá obìnrin dùbúlẹ̀. Obìnrin tí ìyá rẹ̀ ti kú kó tó pé ọmọ ọdún 11, obìnrin tí kò ní ẹni tó lè sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún, obìnrin tí ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lọ́rùn rẹ̀, obìnrin tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́: bí wàhálà bá dé bá irú wọn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í pẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹ wò ó dáadáa, méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ta ló pọ̀n ọ́ nígbà náà? Ta ló wà lẹ́yìn rẹ báyìí?

Nígbà tí ìyá mi kú, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú mi. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń san owó iléèwé, mo ń dáhùn “a dúpẹ́” fún gbogbo ẹni tó bá kí mi, mo sì ti pàdánù kílò mẹ́jọ kí aya mi tó fi dandan mú mi lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ nípa ọkàn kan. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí púpọ̀. Ìgbà mẹ́rin ni mo lọ tí n kò sọ nǹkan gidi kan. Ó ní kí ni mo ń rò, mo ní iṣẹ́ pọ̀. Ó ní báwo ni oorun, mo ní a dúpẹ́. Ní ìgbà karùn-ún, ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ẹ ti dúpẹ́ tó. Kí ló ń ṣe yín gan-an?” N kò lè ṣàlàyé ìdí tí ìyẹn fi ṣí ohun tó ti dì. Mo rò pé nítorí pé kò bínú ni, kò sì sú u. Mo ti ń retí láti ọjọ́ kìíní pé á sú u.

Bowlby ti sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ ti 1988 pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ wo ọkàn sàn ni kí ó di ibi tí aláìsàn lè fẹ̀yìn tì, kí aláìsàn tó lè rọ́kàn wo ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ó rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe, nítorí àìsàn kan náà lè gbé onírúurú ènìyàn wọ yàrá náà. Ẹni tó ń yẹra á pa ìpàdé jẹ, á ní ọ̀nà dí. Bí oníṣègùn bá ń sún mọ́ ọn jù, á sá. Bí oníṣègùn bá sì fi í sílẹ̀, á sọ nínú ara rẹ̀ pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń rọ̀ mọ́ni á dé kó tó tó àkókò, á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lóru, á béèrè bóyá inú ń bí dókítà sí òun. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan tí oníṣègùn bá lọ lè dá ìrẹ̀wẹ̀sì rẹ̀ padà. Oníṣègùn tí kò mọ ohun tó ń wò lè pe èkíní ní onígbéraga, kó pe èkejì ní oníyọnu. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti ń jẹ́ láti kékeré.

Àwọn onímọ̀ ti gbìyànjú láti mọ̀ bóyá a lè fi irú okùn tí ẹnìkan ní yan irú ìtọ́jú tó yẹ fún un. Méjì ni wọ́n sábà máa ń fi wéra. Èkíní ni ìtọ́jú èrò àti ìṣe: a ó tọ́ka sí èrò tó ń wọ ènìyàn mọ́lẹ̀, a ó kọ ọ́ sínú ìwé, a ó bi í léèrè ẹ̀rí, a ó gbé iṣẹ́ lọ ṣe nílé. Èkejì ni ìtọ́jú àjọṣe, tí Gerald Klerman, Myrna Weissman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ìparí àwọn ọdún 1960, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1984. Wọ́n jẹ Bowlby ní gbèsè, wọn kò sì fi pamọ́. Kókó rẹ̀ ni pé ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń bẹ́ níbi tí àjọṣe bá ti já: ọ̀fọ̀ tí a kò ṣe tán, ìjà tí kò parí, ìyípadà ipò bí ìgbéyàwó tàbí ìpàdánù iṣẹ́, tàbí àìní alábàárò. Ó máa ń gba ìpàdé 12 sí 16, wọ́n sì máa ń sọ ọjọ́ tí yóò parí fún aláìsàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni mo ka ìyẹn sí: ẹni tí wọ́n ti fi sílẹ̀ lójijì rí á kọ́ bí wọ́n ṣe ń dágbére.

Ní Toronto, ìlú tí wọ́n ti tọ́ Ainsworth dàgbà, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ McBride àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìtọ́jú méjèèjì wéra, wọ́n sì tẹ èsì jáde ní 2006. Àwọn tó ń yẹra fún ìsúnmọ́ra ṣe dáadáa sí i pẹ̀lú ìtọ́jú èrò àti ìṣe ju ìtọ́jú àjọṣe lọ. Ó bọ́gbọ́n mu: ẹni tí ìsúnmọ́ra ń bà lẹ́rù, ìwé àti bírò rọrùn fún un ju kí a bẹ̀rẹ̀ sí í bi í nípa ìyá rẹ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, mo rò pé ọ̀nà ti là. Ṣùgbọ́n ní 2016, wọ́n tún un wò pẹ̀lú àwọn aláìsàn mìíràn, McBride fúnra rẹ̀ sì wà lára wọn. Wọn kò rí ìyàtọ̀ náà mọ́. Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú àkọlé ìwé wọn, láìfi bò. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi. Ohun tó kù tó dúró, tí àkójọ ìwádìí tó lé ní 30 fi hàn, ni pé ẹni tí okùn rẹ̀ dúró dáadáa sábà máa ń jèrè ìtọ́jú jù, àti pé okùn náà fúnra rẹ̀ lè yí padà láàárín ìtọ́jú. Kò já sí pé kí a kọ orúkọ sí aláìsàn níwájú orí. Ó já sí pé ẹni tó ń yẹra nílò sùúrù tó pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ.

Àríyànjiyàn kan wà tí mo gbọ́dọ̀ dá sí. Ìyá kan àti ọmọ kan nínú yàrá kan ni àyẹ̀wò Baltimore. Nínú agbo ilé tiwa, ọmọ lè ní ẹ̀yìn márùn-ún: ìyá, ìyálé, ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n obìnrin, aládùúgbò. Ẹ̀kọ́ náà nílò àtúnṣe níbẹ̀, àwọn onímọ̀ kan sì ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ n kò gbà pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn túmọ̀ sí pé kò sí ẹ̀yìn tí ọmọ ń wá jù. Mo mọ èyí tí mò ń wá.

Lambo mọ ìwúlò ẹ̀yìn láìjẹ́ pé ẹnìkan fi Baltimore hàn án. Ní 1954, ọdún kan náà tí Ainsworth dé Kampala, ó dá ètò abúlé sílẹ̀ ní Aró, nítòsí Abẹ́òkúta. Aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá a wá. Àwọn méjèèjì á gba yàrá lọ́wọ́ onílé kan ní abúlé. Ìbátan á máa dáná, á máa fọṣọ, á mú aláìsàn lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀, wọn á sì jọ padà sílé. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn wá wò ó. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ọkàn láyé ìgbà náà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kí wọ́n já okùn náà lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn, kí wọ́n dá ọjọ́ àbẹ̀wò. Lambo mú okùn náà wọlé.

Ìtọ́jú àjọṣe náà sì padà dé Uganda, ibi tí ọ̀kan nínú gbòǹgbò rẹ̀ ti hù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, Paul Bolton, Weissman, Helen Verdeli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dé àwọn abúlé Masaka àti Rakai, níbi tí àrùn éèdì ti fi òkú kún ilé. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì wọ́n ju agbára àwọn ará ibẹ̀ lọ. Wọ́n kọ́kọ́ béèrè orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe àìsàn náà. Orúkọ méjì ni wọ́n gbọ́ ní Luganda: ọ̀kan túmọ̀ sí kí ènìyàn kórìíra ara rẹ̀, èkejì sí kí ó máa káàánú ara rẹ̀. Wọ́n wá kọ́ àwọn ará agbègbè náà, tí wọn kì í ṣe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, ní ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn wọ̀nyí sì ń darí ẹgbẹ́, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, fún wákàtí kan ààbọ̀ lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 16 gbáko. Wọ́n ní láti yí àwọn ìbéèrè kan padà nítorí pé, gẹ́gẹ́ bíi tiwa, a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa níbẹ̀. Abúlé 30 ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà. 15 gba ìtọ́jú, 15 kò tíì gbà.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, 86 nínú 100 àwọn tó gba ìtọ́jú ló ní ìrẹ̀wẹ̀sì tó le. Ní àwọn abúlé yòókù, wọ́n jẹ́ 94. Nígbà tí ìtọ́jú parí, ìdá 6.5 nínú 100 péré ló ṣì ní in láàárín àwọn tó gbà á, níbi tí ti àwọn yòókù ti wà ní 54.7. Ọdún 2003 ni ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA tẹ̀ ẹ́ jáde, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti gbé ìwé ìlànà ìtọ́jú náà fún gbogbo ayé láti 2016.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n parí, àwọn olùwádìí padà lọ wò ó. Ara ọ̀pọ̀ ṣì le. Wọ́n sì bá ohun kan níbẹ̀ tí kò sí nínú ètò. Ìpàdé ti parí, ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà ṣì ń kóra wọn jọ, wọ́n ń béèrè bí ẹni tó sunkún lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣe sùn.